Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ Wacken rí, kí ló ń dùn níbẹ̀ gan-an?

ỌmọÌjẹ̀bú_Hamburg:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú tó bá gùn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, màmá kan wà tá a jọ máa ń ṣe ṣíftì alẹ́, á ti tó ẹni ọdún 55, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, àwọn arúgbó wa fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Àfi bó ṣe sọ fún mi lọ́jọ́sí pé ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti ń lọ Wacken, abúlé kan ní Jámánì níbí, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ orin heavy metal, orin onígìtá tó máa ń wúwo yẹn, nínú oko, ọdọọdún ló ń gba lífù nítorí ẹ̀. Lọ́dún yìí orúnkún ń da ọkọ ẹ̀ láàmú, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ló bá ní kí n wá gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ òun, òun ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní €300 o!

Mo ti ní màá lọ, torí mi ò lè wojú ẹ̀ kí n ní rárá, àmọ́ kí n má parọ́, àyà mi ń já. Fújì àti jùjú ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo lọ gbọ́ díẹ̀ nínú orin wọn lórí YouTube, ọkùnrin kan kàn ń bú ramúramù ni, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la máa fi sùn nínú tẹ́ǹtì. Mo wo fọ́tò, ẹrẹ̀ ń mu èèyàn dé ojúgun, mi ò sì rí èèyàn dúdú kankan níbẹ̀. Màmá mi gbọ́ nílé, wọ́n ní ṣé orin Èṣù ni mo wá lọ ń gbọ́ nílùú òyìnbó.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú ẹnikẹ́ni o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, kí ló ń dùn mọ́ yín níbẹ̀ gan-an tí ẹ fi ń padà lọ? Ṣé orin yẹn nìkan ni àbí nǹkan míì wà ńbẹ̀?

Bọ́dé_Irin:
Àbúrò mi, o kú oríire, màmá yẹn fẹ́ràn ẹ o, torí àwọn ọdún kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn síta báyìí, wákàtí díẹ̀ ló fi tán. Bremen ni mo wà, ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti lọ, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí abúlé yẹn fúnra ẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbé Wacken ò ju bíi 2,000 lọ, oko àti màlúù ló yí wọn ká, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ yẹn, èèyàn bí 85,000 á ya bò wọ́n. O lè máa rò pé wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́rí. Irọ́ o. Ńṣe ni wọ́n ń gbé tábìlì síwájú ilé, wọ́n ń ta kọfí, wọ́n ń ta búrẹ́dì, àwọn ọmọdé abúlé á fi ọmọlanke kékeré bá ẹ gbé ẹrù kí wọ́n lè rí owó díẹ̀, àwọn ìyá àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn á máa na ìka méjì yẹn sí ẹ, ìka ìfábẹ̀lá àti ọmọńdinrín, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nínú metal nìyẹn. Ọmọ abúlé yẹn náà ló dá a sílẹ̀, Thomas Jensen àti Holger Hübner, lọ́dún 1990, inú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́, báńdì Jámánì mẹ́fà péré ló kọrin, àwọn èèyàn tó wá ò ju bíi 800 lọ. Títí dòní, àwọn panápaná abúlé náà tí wọ́n ń fun fèrè tí wọ́n ń lu ìlù ṣì máa ń wá ṣeré níbẹ̀, Wacken Firefighters ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn onírungbọ̀n gbọọrọ tí wọ́n wọ dúdú látòkè délẹ̀ á sì máa jó sí fèrè bàbá àgbà yẹn bíi pé ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò wọn ni. Má pàdánù ẹ̀ o, jọ̀ọ́.

Ìkejì ni àwọn èèyàn. Tí wọ́n bá yọ àwọn èèyàn yẹn kúrò tí wọ́n ní kí n wá gbọ́ orin nìkan, mi ò ní lọ, mo ní sípíkà nílé. Ọdún 2015 òjò rọ̀ débi pé gbogbo pápá yẹn di ẹlẹ́bọ̀tọ́, mo ń lọ síwájú ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ Friday, ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ òsì mi, ó gbé e mì pátápátá, mo dúró lẹ́sẹ̀ kan bí àkọ̀. Bọ̀bọ́ kan tó tóbi tó mi lọ́nà méjì, mi ò mọ̀ ọ́n rí o, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, ó ń wá a kiri. Àwọn mẹ́ta míì tún dá sí i. Nígbà tí wọ́n fa bàtà yẹn jáde, ó dún pọ̀ọ́, bọ̀bọ́ yẹn gbé e sókè, gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sáyọ̀ bíi pé a gba ife-ẹ̀yẹ. Àsìá tó so mọ́rùn ló fi nù ún fún mi. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó bá tiẹ̀ lọ, mi ò tún rí i mọ́ títí dòní. Mi ò rántí báńdì tó kọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn dáadáa mọ́ o, àmọ́ ojú bọ̀bọ́ yẹn, mo lè yà á fún ẹ.

Kódà nínú pit, ibi tí wọ́n ti ń jó níwájú ìtàgé tí wọ́n ń kọlu ara wọn yẹn, tó bá jẹ́ òkèèrè lo ti ń wò ó wàá rò pé ìjà ni. Òfin wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Bí èèyàn bá ṣubú, kíá, ẹni mẹ́ta mẹ́rin ti gbé e dìde. Bí awò ojú ẹnì kan bá já bọ́, àwọn tó yí i ká á na apá, wọ́n á fi ara wọn ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká títí wọ́n á fi rí i. Èmi ti rí i tí wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tòun ti kẹ̀kẹ́ arọ ẹ̀ sókè, ó ń lọ lórí ọwọ́ èèyàn títí dé iwájú ìtàgé, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Nínú àgọ́ ńkọ́? Wo ibi tí màmá yẹn máa pàgọ́ sí, mo lè búra pé àwọn aládùúgbò kan náà ló ti ní láti bí ọdún mẹ́wàá. Tiwa, àwọn ará Finland ló pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́dún kan, mo rẹ gaàrí Ìjẹ̀bú lọ́sàn-án tí oòrùn mú, mo fi ẹ̀pà àti ṣúgà sí i, wọ́n ní kí lèyí, mo bu fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mi ò tíì nàró tẹ́ǹtì tán tí wọ́n fi ń bi mí pé gaàrí dà. Ìwọ náà gbé gaàrí dání.

ÌyáÌbejì_Derby:
Ẹ kú iṣẹ́ o Bọ̀ọ̀dá Bọ́dé, ẹ ti sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀. Àbúrò, èmi ò tíì dé Wacken, Bloodstock lèmi ń lọ, irú àpéjọ metal bẹ́ẹ̀ náà ni, torí ẹ̀yìnkùlé wa ni, Catton Park níbí ní Derbyshire, ní England. Tiwa kéré, bí ogún ẹgbẹ̀rún èèyàn, inú ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é níbí ní Derby lọ́dún 2001 kí wọ́n tó gbé e jáde síta. Kíkéré tó kéré yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Láti ìtàgé kan dé òmíràn, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, èèyàn lè mú ọmọ dání, àwọn ìbejì mi ti tẹ̀ lé mi lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó o béèrè, mi ò ní tàn ẹ́. A ò pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, mo ń kà wá, títí di alẹ́ Saturday mo ka èèyàn dúdú márùn-ún, bá a bá ti ríra báyìí, àá mirí síra wa. Wọ́n máa wò ẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí wọ́n ń wò ni ohun tí wọ́n kọ sí ìgbáàyà aṣọ ẹ. Ohun tí mo wá mọ̀ nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń ka aṣọ ara wọn. Bí aṣọ ẹbí ló rí, tó o bá wọ ti báńdì kan, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ti di ẹbí ẹ. Bàbá kan tó ti hewú rí Sepultura, báńdì àwọn ará Brazil, láyà mi, ó ya wá bá mi, ó ní ọdún 1996 lòun rí wọn, a dúró níbẹ̀ a sọ̀rọ̀ débi pé tíì ọwọ́ mi tutù. Àwọn míì máa ń wọ ẹ̀wù tí wọ́n gé apá ẹ̀, wọ́n á rán àmì báńdì oríṣiríṣi mọ́ ọn tẹ́yìn tiwájú, ẹlòmíì ti ń rán tiẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Kutte ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín ní Jámánì. Tó o bá fẹ́ mọ ìtàn ayé èèyàn kan, ẹ̀yìn ẹ̀wù yẹn ni kó o kà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ. Ìtàgé kan wà ní Bloodstock tí wọ́n fi orúkọ Sophie Lancaster pè. Ọmọ ogún ọdún ni. Lọ́dún 2007, ní Bacup ní Lancashire, àwọn ọmọkùnrin kan lu òun àti ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ nínú páàkì nítorí bí wọ́n ṣe múra, aṣọ dúdú wọn àti irun wọn, ọmọ náà kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé iwájú ìtàgé yẹn ni mo máa ń rò ó, mo lọ́mọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú wọn nílé ìwé, níbi iṣẹ́, nínú bọ́ọ̀sì, nítorí ìrísí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n pé kí ló ṣe ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú ara wọn bẹ́ẹ̀ yẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, èmi náà sì mọ bó ṣe rí kéèyàn wọ ibì kan kí gbogbo ojú yí sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ o, kì í ṣe ibi gbogbo ló ń dùn. Mo ti lọ ọ̀kan rí tí mi ò ní dárúkọ, báńdì ńlá ńlá ni wọ́n kó jọ, àmọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi mẹ́rin péré ló wà fún gbogbo àgọ́, oòrùn ń pani, ìlà lọ bíi rere, tó bá fi máa kàn ẹ́, báńdì tó o torí ẹ̀ wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí ìtàgé. Wọ́n tún gbé ìtàgé méjì súnra débi pé ìlù ibí ń wọ inú gìtá ọ̀hún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Olórin tó dáa jù láyé ò lè tún irú ẹ̀ ṣe. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ń mú kó dùn, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ohùn tó já gaara, kí báńdì gun ìtàgé lásìkò tí wọ́n kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà la lè máa sọ̀rọ̀ báńdì.

Dékúnlé_Mòkọ́lá:
Ìbàdàn lèmi wà o, mi ò tíì lọ èyíkéyìí rí, orí fóònù ni mo ti ń wò wọ́n lóru tí dátà bá rọjú, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi látẹ̀gbẹ́ orin, torí ó dà bíi pé ẹ ti fi orin sílẹ̀ pátápátá, orin yẹn dùn o!

Àǹtí, ẹ má tẹ̀ lé ohùn yẹn ní àkọ́kọ́, ìlù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ fújì dàgbà, etí yín ti mọ ìlù tó ń sáré. Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ onílù yẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń tẹ ìlù ńlá tó wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹsẹ̀ òsì, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, bí ẹni ń fi bílálà na awọ bàtá. Tẹ́ ẹ bá ti mú ìlù, gìtá á bọ́ sí i fúnra ẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa tó gbọ́ ohùn. Ramúramù yẹn náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni, wọ́n ń kọ́ ọ ni, ẹni tí kò bá kọ́ ọ lè ba ọ̀fun ẹ̀ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọrin ketekete, Iron Maiden àti Judas Priest ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ tún wo ibi tí ohùn wíwúwo yẹn ti wá. Tony Iommi, onígìtá báńdì Black Sabbath ní Birmingham, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin pẹlẹbẹ ni, ọmọ ọdún 17, ọjọ́ tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka ẹ̀ méjì jábọ́, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń tẹ okùn gìtá. Wọ́n ní ó ti parí. Ló bá yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe orí ìka fún ara ẹ̀, nígbà tó yá ó tún dẹ okùn gìtá kó má bàa máa dùn ún, ohùn gìtá bá lọ sílẹ̀, ó nípọn. Irin ló gé e, irin ló fi kọrin. Èmi ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, bàbá bàbá mi rọ ọkọ́ àti àdá títí wọ́n fi kú, ìtàn yẹn wọ̀ mí lára.

Ní ti pé èèyàn dúdú ò sí níbẹ̀, a wà níbẹ̀ o. Tosin Abasi tó dá báńdì Animals as Leaders sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Olúwatósìn ni, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, gìtá olókùn mẹ́jọ ló ń ta, àwọn onígìtá kárí ayé ń forí balẹ̀ fún un. Àwọn Overthrust láti Botswana ti kọrin ní Wacken yẹn gan-an lọ́dún 2016. Ní Botswana, awọ látòkè délẹ̀ làwọn olólùfẹ́ metal ń wọ̀, tòun ti fìlà onímàlúù, nínú oòrùn yẹn o. Sepultura tí Ìyá Ìbejì wọ̀ láyà yẹn náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ti 1996, Carlinhos Brown, onílù ọmọ Bahia ní Brazil, ni wọ́n pè wá bá wọn lù ú, Bahia tí ìlù àwọn baba ńlá wa ò tíì dákẹ́ títí dòní. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú ìtàgé yẹn Àǹtí, ẹ dúró gbọnin, ẹ kì í ṣe àlejò.

Bro_Sámù:
Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú, mo ka gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò dá màmá àbúrò yìí lóhùn. Àgbárí, iná, àgbélébùú tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, ṣé gbogbo ìyẹn náà ni ẹbí àti ọ̀rẹ́? Èmi ò ní kó má lọ, àmọ́ kó mọ ohun tó fẹ́ wọ̀.

BọdéIrin_nàá_ni (mo gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù tàkọ́kọ́):
Bro Sámù, ẹ ò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Àwọn báńdì kan wà tó jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n ń bú ìgbàgbọ́ Krístì, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ, tí wọ́n bá gun ìtàgé, mo máa ń rìn lọ síbòmíì, ìtàgé tó bíi méje mẹ́jọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò so mí mọ́lẹ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àgbárí àti iná yẹn, eré ìtàgé ni, bí alárìnjó ṣe ń gbé ojú oríṣiríṣi wọ̀. Báńdì onígbàgbọ́ náà wà, Stryper láti California ti ń ṣe é láti nǹkan bí ọdún 1983, Bíbélì ni wọ́n máa ń jù sáàárín èrò. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn á máa gbàdúrà nínú tẹ́ǹtì láràárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

ỌmọÌjẹ̀bú_Hamburg:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé púpọ̀, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ sí màmá mi létí lórí fóònù, wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Bọ́dé má gbàgbé àdúrà náà o. Ìbéèrè tó kù: ibo ni kí n dúró sí? Mi ò fẹ́ wọ pit. Kí ni mo máa gbé dání yàtọ̀ sí gaàrí? Báwo lariwo yẹn ṣe pọ̀ tó?

ÌyáÌbejì_Derby:
Àbúrò, wá ibi tí àwọn tó ń darí ohùn jókòó sí, ilé kékeré kan báyìí láàárín èrò tó dojú kọ ìtàgé, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kó o dúró sí, ibẹ̀ lohùn ti ń dáa jù torí etí àwọn yẹn ni wọ́n fi ń tò ó. Máa bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó o bá lọ síwájú, torí àwọn tí wọ́n ń gbé kọjá lórí ọwọ́, ẹsẹ̀ wọn lè bà ẹ́ lórí. Yọ yẹtí. Má dé wíìgì lọ, di irun ẹ.

Etí ẹ o, etí ẹ o! Ra fóòmù tí wọ́n fi ń dí etí, ra púpọ̀, torí ó máa ń sọnù. Ní Jámánì yín níbẹ̀, ìlànà wọn ni pé ariwo níbi tí èrò wà ò gbọ́dọ̀ ju 99 dB lọ (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo) tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn ṣì pọ̀ gan-an fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tí kò bá dí etí, á máa gbọ́ híhó nínú ẹ̀ títí ó fi máa padà síṣẹ́. Àwọn ọmọ mi, èyí tó ń bo etí pátápátá ni mo máa ń fi sí wọn létí. Bàtà òjò tó ga dé orúnkún, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì lóòjọ́, tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, ọ̀rá tó pọ̀ tó o máa fi di aṣọ. Má fẹ́ rí gbogbo báńdì. Mú mẹ́ta lójúmọ́ tó o fẹ́ rí lóòótọ́, kó o jẹun, kó o sùn lọ́sàn-án.

BọdéIrin_nàá_ni:
Kó o sì máa ka ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ kó o tó gbéra. Ọdún 2023 òjò pọ̀ débi pé mọ́tò ò lè wọ pápá mọ́, katakátá ló ń fà wọ́n, wọ́n dá àwọn tó ń bọ̀ dúró nígbà tó ku ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lójú ọ̀nà, wọ́n sì dá owó wọn padà. Rélùwéè ni kẹ́ ẹ wọ̀ láti Hamburg dé Itzehoe, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé ibẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú_Hamburg:
Mo ti dé o! Àná ni mo dé, mo sùn fún wákàtí mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan péré fún yín kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹrẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Màmá yẹn, ẹni jẹ́jẹ́ tí mo sọ fún yín, ó gbé kutte ẹ̀ wọ̀, ó ti ṣá, àmì kún ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́fọ́, ó jọ pé ó ga sí i bó ṣe wọ̀ ọ́. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olóhùn yẹn bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ. Nígbà tí báńdì kan fẹ́ kọ orin kan tí òun àti ọkọ ẹ̀ fẹ́ràn, ó yọ fóònù, ó pe ọkọ ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sìbítù, ó gbé fóònù sókè kó lè máa wò ó. Orin yẹn gùn. Mo rí i pé apá ẹ̀ ti ń gbọ̀n, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, èmi náà gbé e sókè, àmọ́ èmi kúrú, orí àwọn èèyàn ń dí i. Ọmọkùnrin kan tó ga fíofío níwájú wa yíjú padà, ó wo ojú fóònù, ó rí bàbá arúgbó tó dùbúlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mọ́ báńdéèjì, tó na ìka méjì sókè. Kò bi wá ní nǹkan kan. Ó gba fóònù yẹn, ó gbé e sókè, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tún gbà á nígbà tó rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, mo kà wọ́n, ẹni mẹ́fà, títí orin fi parí, wọ́n wá ń kọjú fóònù sí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń juwọ́ sí bàbá. Màmá yẹn ń sunkún, èmi náà ń sunkún, mi ò sì gbọ́ ohun tí olórin yẹn ń sọ títí dìsinsìnyí. Dékúnlé, ìlù yẹn ni mo tẹ̀ lé o, àyà ló ti ń dún.

Gaàrí tán lọ́jọ́ kẹta. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà òjò mi bíi sìmẹ́ǹtì, mo fi omi gbígbóná gbìyànjú kò gbà, kí lẹ fi ń fọ tiyín?